Àǹjọ̀nú tí Ìyá Ọkọ Mi Ń Kí

Ìyá ọkọ mi kì í gba orí Afárá Kátà kọjá láì kí àǹjọ̀nú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé wọn, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ ìtàn àǹjọ̀nú aláṣọ funfun tó máa ń dúró létí irin afárá náà. Eré ni àwọn èèyàn fi ń kọjá, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi á rọra máa rìn, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìdúró o." Wọ́n ní àìkíni wa ló ń bí i nínú, kò sí nǹkan mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà ọyẹ́, àwa méjèèjì ru gààrí bọ̀ láti Ìddó. Lójijì, nínú kùrukùru, nǹkan kan dìde níwájú wa, ó funfun látorí délẹ̀. Mo ju ẹrù sílẹ̀, mo fẹ́ sá. Ìyá ọkọ mi gbá ìró mi mú, wọ́n sì kúnlẹ̀ tàwọn tẹrù lórí.

"Ẹ kú ìdúró o. Ẹ kú òtútù."

Nǹkan funfun náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!"

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún afárá ṣe ni, sìmẹ́ńtì ló bò ó. Òun ló bá mi ru gààrí dé Ìdúmọ̀tà, ẹ̀rín ò jẹ́ kí n ríran.

Nílé, mo sọ fún ọkọ mi pé èèyàn ni, kì í ṣe àǹjọ̀nú. Ìyá ọkọ mi yọjú láti ilé ìdáná.

"Ìyàwó, lẹ́yìn tí mo kí i nìyẹn. Kí ló jẹ́ tẹ́lẹ̀?"