Àdúrà Nídìí Àtẹ Ẹlòmíràn

Nígbà tí mo dé Bouaké, ayé àwọn Faransé ṣì ni. Ohun tó kọ́kọ́ kú lára mi níbẹ̀ ni àdúrà. Kì í ṣe pé mo kọ Jésù sílẹ̀ o, n kò ráyè ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bí mi, aago ṣọ́ọ̀ṣì ló ń jí wa, àdúrà ló ń sìn wá lọ sùn. Ní Bouaké, ará ìlú wa ló kún agbo ilé tí èmi àti ọkọ mi gbà yàrá sí ní àdúgbò Dar-es-Salam, Mùsùlùmí sì ni gbogbo wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Èmi náà a jí, àmọ́ iná ni mò ń dá, ọmọ ni mò ń wẹ̀, ẹrù ọkọ mi ni mò ń bá a dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà Bodokro. Bí mo bá kúnlẹ̀ lálẹ́, oorun ló ń bá mi ṣe àmín.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣa àdúrà jọ nìyẹn, bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà tó dà sílẹ̀. Mo ń gba díẹ̀ nígbà tí mo bá ń fẹ́ná. Mo ń gba díẹ̀ nígbà tí mo bá ń nu abọ́ tánganran tí mò ń tà lọ́jà. Màá ti bẹ̀rẹ̀ "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run," oníbàárà á dé, a ó máa ná ọjà ní èdè Júlà, nígbà tó bá fi máa lọ, n kò ní mọ ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé mọ́. Ó máa ń ṣe mí bíi pé àjẹkù ni mò ń gbé fún Ọlọ́run. Ẹ̀rí ọkàn ń dá mi lẹ́bi, mo sì ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà kan ṣoṣo tí àyè máa ń wà ni ìgbà ìrun Àìlà lọ́sàn-án. Bí ládàánì bá ti pe ìrun, gbogbo àwọn tó wà ní ìlà wa lọ́jà a dìde, wọn a fi aṣọ bo ọjà wọn, wọn a ní, "Ìyàwó, bá wa wo ibẹ̀ o." Èmi nìkan ni onígbàgbọ́ láàárín wọn, nítorí náà èmi ni olùṣọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí èmi bá lọ jọ́sìn, àwọn náà a pàtẹ fún mi, wọn a bá mi tà á, kò sì sí ohun tó dín níbẹ̀ rí.

Ìyá aláṣọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an. Àgbà obìnrin ni, ó sì máa ń fọ́nnu pé òun dé Bouaké ṣáájú ọkọ̀ ojú irin. Òun ló kọ́ mi ní Júlà. Òun ló gbé ọmọ mi pọ̀n nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, tí ọkọ mi kò sí nílé.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọjà mi kò tà rárá. Ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ ni àwọn obìnrin Bàúlé, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ń rọ́ lọ, nítorí àǹkárá tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abidjan dé. Wọ́n ń gba iwájú mi kọjá, wọn kò tilẹ̀ wo abọ́. Ìlara mú mi, kí n má purọ́. Nígbà tí wọ́n pe ìrun tí ìlà wa sì dá páropáro, mo ní lónìí, n ó gba àdúrà gidi, kì í ṣe èyí tí mò ń ṣà nílẹ̀. Mo sì dijú.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Mùsùlùmí kì í dijú kírun, ojú wọn a máa wo ibi tí wọ́n fẹ́ forí kàn. Àwa ni wọ́n kọ́ ní ojú dídì. Láti kékeré, pàṣán ni olùkọ́ wa fi ń kí ẹni tó bá lajú nínú àdúrà, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó ń ṣọ́ ọjà lè gbàdúrà kí ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó yí ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà kúrò lọ́dọ̀ ìyá yẹn, kí ó darí wọn sọ́dọ̀ mi. Bí mo ṣe wí i gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo tẹnu mọ́ ọn, mo tún un wí. Àdúrà náà dùn lẹ́nu mi, mo sì pẹ́ nídìí rẹ̀.

"Anago! Anago!" Obìnrin Bàúlé kan ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbẹ̀. Ó ní aṣọ tí òun wò láàárọ̀ dà, pé òun ti wá rà á. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Wọ́n ti ká aṣọ ìbora sẹ́yìn, wọ́n sì ti gbé ìdì àǹkárá tuntun náà lọ.

Mo sáré dé ìpẹ̀kun ìlà wa, mo sáré padà, nítorí n kò lè fi ọjà tó kù sílẹ̀. Mo kàn dúró láàárín. Ì bá sàn ká ní ọjà tèmi ni wọ́n jí. Ta ni yóò tún fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún mi? Àwọn ènìyàn wọ̀nyí sì ni ẹbí tí mo ní nílẹ̀ àjèjì.

Nígbà tí ìyá aláṣọ ti ìrun dé, kò tíì jókòó tí mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ti jí àǹkárá yín gbé."

Ó wo àtẹ, ó wò mí. "O sùn ni?"

"N ò sùn, Ìyá. Àdúrà ni mò ń gbà. Mo dijú ni."

Àwọn yòókù ti pé lé wa lórí. Ọkùnrin tó ń ta bàtà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo onígbàgbọ́ o! Ta ní í dijú ṣọ́ ọjà?" Ìyá ní kó panu mọ́. Ó jókòó, ó tú gèlè, ó tún un wé.

"Àdúrà tóò ń gbà yẹn, ìyàwó, ṣé o rántí mi níbẹ̀? Ṣé o bá mi tọrọ ire?"

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo bá yín tọrọ ire."

"Ó parí," ni ó wí. "Olè gbé aṣọ, Ọlọ́run á pèsè òmíì." Mo ní kó kó nínú abọ́ mi dípò rẹ̀, ó kọ̀. Ó ní ta ni í gba ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbàdúrà fúnni. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí oorun sùn lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe ìrun, ìlà wa dá, ṣùgbọ́n ìyá kò lọ. Ó gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó sì pọ̀n ọ́n.

"Ìwọ ni kóo kọ́kọ́ gba tìẹ," ni ó wí. "Dijú bóo ṣe fẹ́. Èmi á máa wo ọjà. Tóo bá ṣe tán, n ó wá lọ."

"Ìyá, wọ́n ti pe ìrun."

"Mo gbọ́. Máa gbà á."

Mo dijú. Àyè tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn nìyí, ọmọ kò sí lẹ́yìn mi, kò sẹ́ni tó ń ná ọjà. N kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ibi tí mo bá fẹ́ gbé e gbà, irọ́ yẹn ti dúró síbẹ̀. Mo fẹ́ bá ìyá tọrọ ire báyìí, kí ohun tí mo wí lè di òótọ́, àmọ́ ojú ń tì mí láti fi Ọlọ́run bo àṣírí ara mi. Mo la ojú díẹ̀. Ìyá dúró ti abọ́ mi, kẹ́tù omi àlùwàlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìrun ní mọ́sáláásí, a ń gbọ́ ohùn wọn. Kò wo ọ̀hún rárá. Ọjà mi ló ń wò.

Mo tún dijú. Mo ṣe "Àmín" sókè, kó lè máa lọ.

"Àmín o, ọmọ mi," ni ìyá wí. Ó gbé ọmọ fún mi, ó sì yára gba ọ̀nà mọ́sáláásí lọ.