Félísí Kò Fẹ́ Fẹjọ́ Ẹnikẹ́ni Sùn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Félísí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ lé e kúrò nílùú. Inú àtìmọ́lé ni a ti bá a, èmi, ọ̀gá mi Bárísítà Adéníkẹ̀ẹ́, àti Medúpín ọkọ Félísí. Ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú irin Idu ní Àbújá kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ná Kàdúná. Ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni Félísí. Ọjà àga Kugbo ló ti ń rán aṣọ sí àwọn àga tí Medúpín, ọmọ Kàbbà, ń kàn. Káàdì ìgbélùú rẹ̀ ti kọjá àkókò, àwọn aláṣẹ sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà sí ìlú rẹ̀. Ọmọ méjì wà nílé. Àbúrò kò tíì já lẹ́nu ọmú.

Akọ̀wé agbẹjọ́rò ni mí. N kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn irú ẹjọ́ yìí bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Inú bọ́ọ̀sì Nyanya ni mo ti ka ìwé ìlànà ilé ẹjọ́ tán. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé àtúnyẹ̀wò tí ilé ẹjọ́ ń ṣe sí àṣẹ ìjọba kì í ṣe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Adájọ́ kì í wò ó bóyá ìpinnu àwọn aláṣẹ dára. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ló ń wò: ṣé wọ́n ní agbára rẹ̀, ṣé wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn? Ẹ kò sì ní ṣàdédé wọlé. Ẹ ó kọ́kọ́ tọrọ ìyọ̀ǹda, láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n pàṣẹ. Bí adájọ́ bá yọ̀ǹda, ó lè ní kí ìyọ̀ǹda náà dá àṣẹ ìlénilọ dúró títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Èmi ni mo ń gba ọ̀rọ̀ Félísí sílẹ̀ fún ìwé ìbúra.

"Ṣé wọ́n fún yín láyè láti sọ tẹnu yín?"

"Wọ́n fún mi o. Wọ́n ṣe dáadáa sí mi. Wọ́n tilẹ̀ fún mi lómi tútù."

Ọwọ́ mi dúró. Bí a bá kọ èyí, ẹjọ́ ti kú. Medúpín di orí mú.

"Ìyá Ṣọlá, ṣé o fẹ́ fi wá sílẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá Ṣọlá. Ṣé kí àlejò máa bú onílé ni?"

"Onílé wo? Èmi ni onílé rẹ!"

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Akin, má bi í bóyá wọ́n ṣe dáadáa. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ní sí i. Bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀."

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. "Nígbà tẹ́ ẹ dé iwájú ọ̀gá wọn, kí lẹ sọ?"

"Mo ní, ẹ káàárọ̀, sà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ó ní kí n jókòó, mo jókòó. Ó kọ nǹkan, ó ní kí n máa lọ."

"Ẹ ò sọ pé ẹ lọ́kọ níbí?"

"Kò bi mí. Ṣé kí n máa já lu ọ̀rọ̀ àgbà ni?"

Gbogbo ẹjọ́ wa nìyẹn. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, àti omi tútù náà, nítorí a kì í yan òtítọ́ jẹ nínú ìwé ìbúra. Adájọ́ yọ̀ǹda, ó dá àṣẹ dúró, ó ní kí wọ́n tú Félísí sílẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ parí, ó fagi lé àṣẹ ìlénilọ náà.

Medúpín ti ń jó. Mo ní kó rọra: adájọ́ kò fún Félísí ní káàdì, ó kàn ní kí àwọn aláṣẹ padà lọ ṣe é bó ṣe yẹ. Wọ́n ṣì lè gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, kí wọ́n lé e.

Wọ́n pè é. Èmi ni ògbufọ̀. Òṣìṣẹ́ tó jókòó síbẹ̀, ọmọ Kánò, ní, "Màdáámù, a fẹ́ gbọ́ tẹnu yín."

Félísí bẹ̀rẹ̀ láti Kétu. Ó sọ ti ìyá rẹ̀, ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ti àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Medúpín kọ́kọ́ gbé wá fún un. Mo túmọ̀ títí ẹnu mi fi gbẹ.

"Kai!" Òṣìṣẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti tó! A máa tún káàdì yín ṣe."

Félísí yíjú sí mi. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò tíì dé ibi ìgbéyàwó."