Ọjọ́ Tí Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀ṣì Mọ́ Àwọn Tó Kọ́ Ọ

Òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá sá sábẹ́ àbáwọlé ṣọ́ọ̀ṣì wa àtijọ́ létí ọ̀sà. Bí omi ṣe ń ṣàn lára ògiri, òórùn ẹfun tútù gba afẹ́fẹ́ kan, inú sì bí mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ya fọ́tò ìgbéyàwó níbẹ̀, ẹ lè máa rò pé gbogbo ìrántí ló ń dùn mọ́ àgbà nínú. Eléyìí kò dùn.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà lẹ́wà, n ò ní purọ́. Fèrèsé rẹ̀ gùn, orí wọn ṣe ṣóńṣó bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé nínú àdúrà. Ilé agogo rẹ̀ ga débi pé òun làwọn apẹja fi ń mọ ibi tí èbúté wà. Òyìnbó kan ló ya àwòrán rẹ̀. Ibà sì lé e padà sílé kí ògiri tó ga dé ìbàdí. Àwọn apẹja Ègùn ló parí rẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ kó ìkarahun láti Ajido, àwọn obìnrin wọn sun ún di ẹfun, wọ́n pò ó mọ́ iyanrìn, wọ́n fi mọ ilé. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá Sẹ̀nàmi ọ̀rẹ́ mi, wà lára àwọn ọmọdébìnrin tó ru ẹfun náà. Ó ní àpá níbi tó ti jó o lọ́rùn, a sì máa fi í hàn wá bí ẹni ń fi wúrà hàn.

Ará Abẹ́òkúta ni àwa ní tiwa. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé bàbá mi wá, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi í jẹ bàbá ìjọ, torí ó mọ̀wé. Ìsìn méjì ló wà nígbà náà: ti Ègùn láàárọ̀ kùtù, ti Yorùbá tó bá yá. Èmi àti Sẹ̀nàmi a máa ṣe méjèèjì, torí àkàrà ìyá rẹ̀ máa ń dúró dè wá láàárín. Mo ń kọ orin Ègùn tí n kò mọ ìtumọ̀ ìdajì rẹ̀. Òun náà ń ka sáàmù Yorùbá bí ẹni ń yọ egungun ẹja lẹ́nu.

Nígbà tó yá, bàbá mi àti àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìsìn kan ti tó, pé èdè kan ni yóò so ìjọ pọ̀. Ẹ mọ èdè tí wọ́n mú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, Ìyá Àgbà jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí bàbá mi ṣe dá orin, ó dìde, ó dá tirẹ̀ ní Ègùn, wọ́n sì gbè é. Orin méjì wá ń lu ara wọn lábẹ́ òrùlé kan.

Bàbá mi sọ̀kalẹ̀ wá bá a. "Ìyá, ẹ jókòó. Ọlọ́run kì í ṣe Ọlọ́run rúdurùdu."

Ìyá Àgbà fi Yorùbá dá a lóhùn, kó lè yé e dáadáa. "Tíṣà, nígbà tí mo ń ru ẹfun ilé yìí, Ègùn ni mo fi ń gbàdúrà. Ọlọ́run gbọ́. Ìwọ ni kò gbọ́."

N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe bàbá mi ní "ìwọ" rí.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo ni àwọn Ègùn bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò bàbá mi, èmi náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó jà. Ìyá Àgbà fọwọ́ kan ògiri, ó wò wá, ó tutọ́ sílẹ̀, ó yí padà. Wọ́n tẹ̀ lé e lọ sábẹ́ àgbọn létí omi, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sìn láti ọjọ́ náà. Sẹ̀nàmi kò bojú wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì nílé ìwé, mo jókòó tì í. Ó dìde, ó lọ síbòmíràn. Bàbá mi jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ti ilẹ̀kùn náà. Mo rántí, torí mo kórìíra bó ṣe ń jẹun.

Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò bẹ̀bẹ̀ pé ká lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì fún un, àwa náà kò sì lù ú.

Mo pàdé Sẹ̀nàmi lọ́jà Agbalata nígbà tí àwa méjèèjì ti bímọ. Mo kí i ní Ègùn. Ó fi Yorùbá tó mọ́ gaara dáhùn: "Ẹ káàsán, mà. Ṣọ́ọ̀ṣì yín ńkọ́?" Ẹgbẹ́ ni wá, ó ń pè mí ní "ẹ".

Orúkọ bàbá mi wà lára òkúta ìrántí nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà lónìí. Kò sí orúkọ apẹja kankan níbẹ̀. Àlùfáà tuntun ti dá ìsìn Ègùn padà, ó sì ń kí àwọn tó ni ilé káàbọ̀ bí ẹni pé àlejò ni wọ́n. Ìwọ̀nba ló wá. Àwọn yòókù ti kọ́ tiwọn sábẹ́ àgbọn, búlọ́ọ̀kù àti páànù, fèrèsé onígun mẹ́rin. Ilé ti yí padà. Orin tí bàbá mi fẹ́ pa lẹ́nu wọn kò kú.

Mo lọ sí tiwọn lábẹ́ àgbọn lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ibẹ̀ kún, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Sẹ̀nàmi wò mí láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, orí rẹ̀ ti funfun, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dá orin, ó sún díẹ̀. Kò sún púpọ̀. Mo jókòó síbẹ̀.