Oògùn Tí Àbúrò Mi Dá Dúró

Bí ènìyàn bá wọ Ìwàrò-Ọ̀kà lọ́jọ́ tí wọ́n ń yan gààrí, imú ló máa kọ́kọ́ sọ fún un. Òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan á ti gba àdúgbò kan, èéfín igi á sì dà pọ̀ mọ́ òórùn gààrí tó ti fẹ́ gbẹ nínú agbada. Àárín òórùn yẹn ni ilé ọkọ àbúrò mi wà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ni ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí náà, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, tó máa ń fi ọwọ́ tọ́ gààrí gbígbóná wò bí ẹni pé iná kì í jó òun. N kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Lójú tèmi, ó ti le jù fún àbúrò mi.

Àbúrò mi ní wárápá. Láti ilé ìwé girama ló ti ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́, oògùn náà sì bá a lára mu débi pé ọdún ń gorí ọdún tí kò ṣubú. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ kó tó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ kò mọ̀. Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: wọ́n ní itọ́ ẹni tó bá ṣubú máa ń ran ẹlòmíràn, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní bá a jẹun nínú àwo kan náà. Nítorí náà, oògùn náà di ohun tí wọ́n ń lò ní kọ̀rọ̀ yàrá.

Olóògùn tó ń ta oògùn náà fún un ní Ọ̀kà ti sọ fún un nígbà kan pé, “Ìyàwó, lọ́jọ́ tóyún bá dé, ẹ fi oògùn yìí sílẹ̀ o. Kò dáa fọ́mọ inú.” Nígbà tí àbúrò mi wá rí i pé nǹkan oṣù òun kò wá mọ́, ó kó oògùn náà sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, ó sì dákẹ́. Ta ni ì bá bi? Kó tó lè bi ẹnikẹ́ni nípa oògùn, àfi kó kọ́kọ́ sọ pé òun ti lóyún, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, oyún tí kò tíì hàn kì í ṣe ohun tí à ń sọ jáde. Kò sọ fún èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkọ rẹ̀ pàápàá kàn ń fura ni.

Ìdí agbada ló ti ṣubú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ọ̀kadà ni mo gùn láti Ìkàrẹ́, n kò sì mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo bá ìyá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí àbúrò mi lé itan, ó ń fi etí ìró ara rẹ̀ nu itọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Òun ló fà á kúrò nídìí iná. Apá òsì àbúrò mi ti bó níbi tó ti kan agbada, ọwọ́ ìyá náà sì ti wú.

“Ẹ̀ bá ti sọ fún mi,” ó ní. “Mi ò bá má jẹ́ kó sún mọ́ iná.”

Ìrònú mi nípa obìnrin náà yí padà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí.

Ọsibítù ní Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti rí i pé oyún wà. Dókítà gbọ́ gbogbo ìtàn náà, ó sì sọ pé olóògùn kò parọ́: oògùn tí àbúrò mi ń lò wà lára àwọn tó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. “Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dédé dá a dúró lè ṣubú débi tí ìyá àtọmọ á fi kú. A máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ó sì yẹ kẹ́ ẹ ti wá kó tó lóyún.”

Ìyá wa, tó ti wá bá wa níbẹ̀, wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. “Kó tó lóyún? Kó wá sọ kí ni?”

Dókítà yan oògùn mìíràn tó ní ó rọrùn fún aláboyún ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó fi fólíìkì, oògùn tó ń ran ọmọ inú lọ́wọ́, kún un, ó sì ní kó máa wá ṣe síkáànì tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú. Nígbà tó ku èmi àti àbúrò mi, ó di oògùn náà mọ́wọ́, kò gbé e mì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá lò ó tí ọmọ yìí bá ní àbùkù, ta ni wọ́n máa bi?”

“Èmi ni kí wọ́n bi,” mo ní. “Gbé e mì.”

Ẹ̀rù ń bà mí gan-an bí mo ṣe ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ìyá ọkọ ló ń dúró tì í láàárọ̀ àti lálẹ́, á ní kó la ẹnu kí òun wò ó bóyá ó ti gbé e mì lóòótọ́, bí ẹni ń tọ́jú ọmọdé. Kò sì jẹ́ kó dé ìdí agbada mọ́.

Ọkùnrin ló bí. Mo yí ọmọ náà dojú dé lórí itan mi, mo fi ìka wá ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí, torí dókítà ti ní ibẹ̀ ni irú oògùn àkọ́kọ́ yẹn ti máa ń ba ọmọ jẹ́, mo ka ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé. Àmọ́ ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bú ara wọn, tirẹ̀ ṣì jẹ́ kó nawọ́ sí nǹkan. A bi dókítà bóyá oògùn tí ìyá rẹ̀ lò kó tó mọ̀ pé òun lóyún ló fà á, ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òun kò lè búra. Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa báyìí, ìwé kíkà ló ṣì ń fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ìbéèrè náà ṣì wà lọ́kàn wa, a ò sì ní rí ìdáhùn rẹ̀. Ó máa ń dùn mí, pàápàá nígbà tí mo bá rántí pé nítorí kí aburú má bàa rí ọmọ náà la ṣe ń pa oyún mọ́ lẹ́nu.

Nígbà tó yá, tí àbúrò mi fẹ́ bí òmíràn, ó ní kí n sin òun lọ sí ọsibítù. Àwọn obìnrin kún orí bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì sì bèèrè sókè pé kí ló gbé wa wá. Mo ti fẹ́ fọgbọ́n dáhùn, àbúrò mi gbà á lẹ́nu mi.

“Mi ò tíì lóyún,” ó ní. “Mo fẹ́ lóyún ni. Mo ní wárápá, mo fẹ́ kí dókítà wo oògùn mi ná.”

Gbogbo orí bẹ́ǹṣì dákẹ́. Ojú tì mí, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́ sunkún. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ pé ọmọbìnrin kan tó ń lo oògùn wárápá fẹ́ relé ọkọ, mo máa ń wá a lọ láti sọ fún un pé kó rí dókítà kó tó lóyún. N kì í dúró kí ikùn yọ kí n tó sọ̀rọ̀.