Ọwọ́ Ọ̀tún Aránṣọ

"Ìwọ yìí, ṣé ìwọ lò ń gun kẹ̀kẹ́ ni, àbí kẹ̀kẹ́ ló ń gùn ọ́?"

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n aránṣọ bi í nìyẹn, lọ́jọ́ tó bá a nílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ lé e lórí, tí táyà iwájú ṣì ń yí. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ gbé dìde. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tinútẹ̀yìn, bóyá kò fara pa, kó tó wá rántí pé ọmọ ìyá òun ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà tí aránṣọ ti wọlé ọkọ ni kò ti gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ọmọ dé, aṣọ oníbàárà dé, ẹ̀yìn ríro náà sì bá wọn dé. Àmọ́ nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn, tó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojú ìyá kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ní Sátidé kan, ó tì í jáde. Kò níbi tó ń lọ. Ó kàn fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí òun létí ni.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó bá ń fi maṣínì ẹlẹ́sẹ̀ ránṣọ mọ̀ pé, bí a bá fẹ́ dá a dúró, ọwọ́ ọ̀tún là ń gbé lé irin róbótó tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ yìí kò mọ ọ̀nà ìdádúró mìíràn. Bí aránṣọ bá ti fẹ́ dúró, ọwọ́ á fi bíréèkì sílẹ̀, á máa wá irin róbótó kiri nínú afẹ́fẹ́. Kó tó rántí, ilẹ̀ á ti kí i káàbọ̀.

"Gbé kẹ̀kẹ́ yìí fún mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá, wí. Kẹ̀kẹ́ ló fi pín lẹ́tà títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé kò sẹ́ni tó tún mọ kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn òun. "Ìwọ padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ."

"Bí mo bá gùn ún dé ìdí tánkì omi lórí òkè yẹn, tí mo padà síbí láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀ ńkọ́?"

"Màá pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n mi, níwájú gbogbo oníbàárà rẹ. Tó ò bá sì lè gùn ún, kẹ̀kẹ́ di tèmi."

Fọkanáísà tó ń lẹ táyà nítòsí pàtẹ́wọ́. "Mo ṣe ẹlẹ́rìí o! Sátidé tó ń bọ̀, Bàbá fẹ́ di àbúrò!"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín lójú wọn. Atẹ́gùn yẹn ti fẹ́ sí i létí, kò sì fẹ́ kí ó dáwọ́ dúró. Láràárọ̀ ló ń gùn ún, láràárọ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún ń dà á. Nígbà tó yá, ó ní ọwọ́ tó bá ń rin ìrìnkurìn, ńṣe là ń dè é. Ó gé aṣọ tó nípọn, ó rán an mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù, ó fi bọ́tìnnì sí i. Ìka lè fa bíréèkì níbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ kò lè jáde. Ó tilẹ̀ yan òwú tó bá àwọ̀ kẹ̀kẹ́ mu.

Ní Sátidé, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé e. "Kí lèyí? Kẹ̀kẹ́ náà ti ń wọṣọ?"

"Òtútù ń mú un ni."

"Ojóró nìyẹn!"

"Bàbá," ni fọkanáísà wí, "ẹsẹ̀ lẹ ní kó má kanlẹ̀. Ẹ ò bá wa sọ̀rọ̀ ọwọ́."

Aránṣọ gòkè bí ìgbín tó di ẹrù kún ìkarahun. Ó yí tánkì po. Nígbà tó ń sọ̀ bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ ìjà, ó ń fà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kò gbà fún un. Ìka bá rí bíréèkì nígbẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ rọra yí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí bí adájọ́. Aránṣọ gbé ọwọ́ òsì kọ́ ọ lọ́rùn, ó fara tì í, ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà lókè.

"Mo dé. Ó yá, pè mí."

"Sọ̀kalẹ̀ ná."

"Pè mí ná."

Kẹ̀kẹ́ wúwo, àbúrò náà kì í sì í ṣe ìyẹ́ adìyẹ. Òógùn bo Bàbá. Àwọn oníbàárà ti jáde tàwọn ti aṣọ tí wọn ò tíì rán tán lára.

"Ẹ pè é o, kí ọrùn yín tó ṣẹ́!"

Bàbá la ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n…"

Gbogbo wọn tẹ́tí.

"…rẹ ń kú lọ níbí o! Ẹ gbà mí!"

Ẹ̀rín ló mú aránṣọ fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún bá a du kẹ̀kẹ́, àmọ́ ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ kò tíì wọlé.

Láti ìgbà náà, bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé, ó ń gba iwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá. Bàbá á gba ẹ̀yìnkùlé sá. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá a san án."

"Ìyàwó wa, láti ọjọ́ tí o ti wọlé wa lo ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Tìrẹ kì í ṣe gbèsè." Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ padà sórí kẹ̀kẹ́. "Sọ fún àbúrò mi pé mo yà o."