Irọ́ Tí Atẹ̀wé Pa Fún Dókítà

Ó lé ní ogún ọdún tí ọkùnrin yìí ti ń tẹ̀wé nílé iṣẹ́ kan. Tàdáwà ti wọ èékánná rẹ̀ débi tí ọṣẹ ò fi rí i bá jà mọ́, ni wọ́n bá ń pè é ní Dúdú-Èékánná. Alàgbà ni nínú ìjọ. Ohun kan ṣoṣo ló fi pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀: sìgá. Ẹ̀yìn yàrá bébà ló ti ń mu ún, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Bó bá ti mu ún tán, yóò fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ bí atẹ̀wé gbogbo ti ń ṣe, kí òórùn iṣẹ́ lè bo òórùn ẹ̀ṣẹ̀.

Lọ́dún yìí, ilé iṣẹ́ ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní kí Dúdú-Èékánná wá rí dókítà. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò ní jẹ́ kó dá lọ.

Dókítà náà, obìnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ, fi bírò tọ́ka sí nọ́ńbà kan lórí èsì náà. “Bàbá, èyí ló gòkè díẹ̀. Jẹjẹrẹ ìfun lè gbé e sókè, àmọ́ kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan. Nọ́ńbà yìí nìkan ò lè sọ pé jẹjẹrẹ wà, kò sì lè sọ pé kò sí. Sìgá náà máa ń gbé e sókè. Ṣé ẹ ń mu sìgá?”

Kí ọkùnrin náà tó la ẹnu, ìyàwó rẹ̀ ti bú sẹ́rìn-ín. “Sìgá kẹ̀? Dókítà, alàgbà lẹ ń bá sọ̀rọ̀ o! Bí ọbẹ̀ bá jóná lásán, ìta ló ń sá lọ.”

“Mi ò mu ún,” ni Dúdú-Èékánná wí.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. “Ó dáa. Ká ní ẹ ń mu ún ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, a ó tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, a ó sì fi kámẹ́rà wo ìfun yín.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tirẹ̀ ò tilẹ̀ sáré; abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fà á jáde, ó sì tún tì í padà.

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń gbààwẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, ọkùnrin náà gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá: “Olúwa, bó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé àìsàn yìí, èmi ni kí Ẹ gbé e fún.” Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá Ọlọ́run tó mọ òtítọ́ ń gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀, tó wá dákẹ́, àbí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ń gbọ́.

Ó wọlé. “Ìyá ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹun. Mo ń mu sìgá. Ó ti pẹ́.”

Obìnrin náà ò pariwo. “Sìgá kọ́ ló dùn mí. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ fi ń jẹun lójú mi, tẹ́ ẹ ń wo bí ẹnu mi ṣe ń gbẹ.”

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà nìkan ló lọ jẹ́wọ́ fún dókítà. Dókítà fa ilà pa ohun tó kọ́kọ́ kọ. “Ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀, Bàbá, ká tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Àmọ́ a ò lè torí sìgá fojú fo ìfun yín.”

“Ṣé ó wà ni, àbí kò sí?”

“A ò tíì mọ̀.”

Nígbà tó padà délé, ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀ ti kúrò lórí ibùsùn wọn, ó ti wà ní yàrá àwọn ọmọ.