Másítà Ọkọ̀ Búrẹ́dì

Ìyá Oníbúrẹ́dì kì í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré náà ti ń gbé búrẹ́dì rẹ̀ kiri láàárọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń sọ pé ọkọ̀ yẹn gan-an ni àkọ́bí, àwọn kàn tẹ̀lé e ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rì wọlẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Òfo. Kò pariwo. Ó já jíà sílẹ̀, ó rọra fa bíréèkì ọwọ́, ó sì fi táyà ha òkúta etí títì títí ọkọ̀ fi dúró. Kò kan ẹnikẹ́ni, búrẹ́dì kan ò sì já bọ́. Àmọ́ kò tíì lè ṣílẹ̀kùn. Ló bá jókòó síbẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọ tó ń sọdá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò-sí-wàhálà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì rẹ̀, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó wo ọkọ̀ rárá. Lọ́jọ́ yìí, ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó nu ọwọ́, kò sọ ọ́.

"Ìyá, másítà ni." Ó na irin kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sí i, èyí tó ń ti òróró bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Inú rẹ̀ ti jẹ. Tuntun la máa wá, wọn ò sì ṣe irú ọkọ̀ yìí mọ́."

Ọjọ́ méjì gbáko ni Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, másítà ògbólógbòó náà nínú ọ̀rá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ bi í léèrè ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ ọ̀hún, ó bú sẹ́rìn-ín: "Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn!" Òmíràn gbé èyí tó jọ ọ́ jáde. "Tí a bá fi fáìlì onírin ha etí rẹ̀ díẹ̀, á wọlé."

"Ọmọ mi, kì í ṣe èyí tó máa wọlé ni mò ń wá. Èyí tó máa dá ọkọ̀ dúró ni."

Wọ́n ní bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹni tó pa òwe yẹn kò wakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé rí.

"Ẹnì kan ló kù," Kò-sí-wàhálà sọ nígbà tí obìnrin náà padà dé. "Ọkùnrin ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ yẹn. Bí òun náà bá ní kò sí, a jẹ́ pé kò sí nìyẹn."

 Ìyá Oníbúrẹ́dì mọ ọkùnrin náà. Ọkọ àbúrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí ìgbéyàwó ọ̀hún ń tú ká, òun alára ló wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, tó sọ fún un lójú àwọn oníbàárà pé yàtọ̀ sí irin, kò mọ ohunkóhun tọ́jú láyé. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ṣe ló ń yí gba ọ̀nà mìíràn.

Àmọ́ ní ọjọ́ kejì, ó lọ.

Ọkùnrin náà ti hewú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un fi sójú. "Àǹtí? Ẹ wọlé, ẹ wọlé." Ó gbọn eruku orí àpótí fún un kó jókòó.

Ó gba másítà, ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí nọ́ńbà kan fi hàn lára rẹ̀, ó sì ṣí ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà, ó ń kùn bí oyin. "Ẹ wò ó. Katakata kékeré kan wà tó ń lo nọ́ńbà kan náà. Àwọn àgbẹ̀ ò tíì fi katakata yẹn sílẹ̀." Ó gun àkàbà, ó gbé páálí kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọn tuntun, ó wọn ògbólógbòó, ó ní kí obìnrin náà wo ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Kò fi irun kan yàtọ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì di páálí náà mú, kò dìde. "Àna mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbí níjọ́sí, ó ti pọ̀ jù. Ẹ má bínú."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà kọ́ ló rí? Irin náà ni mo ṣì mọ̀ ọ́n tọ́jú." Ó pa ìwé dé. "Ṣé ara àbúrò yín le?"

"Ara rẹ̀ le."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Kò-sí-wàhálà de másítà náà lọ́sàn-án. Ó ní kí obìnrin náà máa tẹ bíréèkì, kó dì í mú, kó jù ú sílẹ̀, títí afẹ́fẹ́ fi tán nínú òróró, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bá nǹkan líle pàdé.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Oníbúrẹ́dì pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. 

"Ṣé ó ti sanra?" ni àbúrò béèrè.

"Ó kàn ń gbẹ sí i ni."

"Kò gbádùn oúnjẹ rí," àbúrò sọ, ohùn rẹ̀ sì tutù. Lẹ́yìn náà ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun tún ibi tí ọkùnrin náà ti ń kùn bí oyin sọ fún òun.